Nọ́ńbà Ara Páálí Ọta: Yáàdì Ta Ni Wọ́n Fi Wọ̀n Ọ́n?

Ẹni tó bá ti ra ańkárá rí, tí wọ́n kọ “yáàdì 6” gàdàgbà sí i lára, tó gbé e dé ọ̀dọ̀ télọ̀, tí télọ̀ tẹ́ ẹ sórí tábìlì tó sì ní, “Màmá, yáàdì márùn-ún ààbọ̀ mà nìyí o,” irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò ní jìyà kó tó lóye ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ yìí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ aṣọ kọ́ ló wà nílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọta ìbọn ni.

Ẹ̀yin ìyálọ́jà, ẹ má tíì ṣí ojú ewé yìí kọjá o. Ẹ̀yin ọlọ́wọ́ iṣẹ́, ẹ fi òòlù sílẹ̀ díẹ̀. Ọ̀nà Amẹ́ríkà lọ́hùn-ún ni ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń fi owó ra ohun tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí lára, ọ̀rọ̀ náà kàn án gbọ̀ngbọ̀n.

Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà, ilé ìtajà ńlá kan náà tó ń ta bàtà àti àgọ́ ló ń ta ọta ìbọn ráífù. Nínú páálí ni wọ́n ń dì í sí, ogún-ogún lọ́pọ̀ ìgbà. Lára páálí yẹn, tàbí nínú ìwé tí ilé iṣẹ́ fi ń polówó rẹ̀, wọ́n á kọ eré tí ọta náà ń sá bó bá ti ń kúrò lẹ́nu ìbọn. Ẹsẹ̀ bàtà ni wọ́n fi ń ka eré yìí: mélòó ni ọta máa rìn ní ìṣẹ́jú àáyá kan péré, ìyẹn kí ènìyàn pe “ení” kó tó pe “èjì”.

Ẹ mú ọta tí wọ́n ń pè ní .308 Winchester, tó dé orí àtẹ ní ọdún 1952, tí àwọn ọdẹ ibẹ̀ fẹ́ràn gan-an. Èyí tí orí ọta rẹ̀ wọn géréènì 150, tí kò tó gíráàmù 10, nọ́ńbà tí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ń kọ fún un ni 2,820. Ẹsẹ̀ bàtà 2,820 ní ìṣẹ́jú àáyá kan! Ìyẹn ju ìdajì máìlì lọ. Ẹni tó bá ka irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀, orí rẹ̀ á wú. Ó ṣe tán, ta ni kò fẹ́ ohun tó yára?

Ìbéèrè ibẹ̀ ni pé: ṣé ìbọn tó wà lọ́wọ́ ẹni tó ra páálí yẹn lè sá eré náà?

ÀGBỌ̀NRÍN TÓ LỌ MỌ́ ỌDẸ LỌ́WỌ́

Ká ní ọmọ Ìbàdàn kan wà ní Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas, tó ń ṣe iṣẹ́ mẹkáníìkì. Àwọn òyìnbó tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ fa ọkàn rẹ̀ sí iṣẹ́ ọdẹ. Ó lọ sí kíláàsì ààbò tí ìjọba ń bèèrè, ó gba ìwé àṣẹ ọdẹ, ó sì ra ráífù .308 kan tó kúrú, tó rọrùn láti gbé wọ inú igbó. Ọ̀pá ìbọn náà, ìyẹn ihò gígùn tí ọta ń gbà jáde, kò ju íǹṣì 16 lọ.

Ó ra ọta. Ọta olórí bàbà ni, irú èyí tí kò ní òjé nínú. Páálí ní 2,820. Ìwé ilé iṣẹ́ ní bó bá rìn dé 300 yáàdì, eré rẹ̀ á ti dín kù sí nǹkan bí 2,190. Ká ní àwọn tó ṣe orí ọta náà kọ ọ́ pẹ̀lú pé kò gbọdọ̀ dín sí 2,000 kó tó ba ẹran, nítorí pé eré ló ń jẹ́ kí orí bàbà yẹn là bí òdòdó nínú ara ẹran, kí ẹran lè kú wẹ́rẹ́ láìjìyà. Bó bá dín sí bẹ́ẹ̀, ó lè gba inú ẹran kọjá tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́.

Ọmọ wa jókòó, ó ṣírò rẹ̀: 2,190 ju 2,000 lọ. Ó ní àyè ṣì wà nílẹ̀ nìyẹn.

Oṣù kọkànlá dé, àsìkò ọdẹ ṣí. Lọ́jọ́ kan, nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú lọ, akọ àgbọ̀nrín kan yọ jáde. Bí wọ́n ti wọn ọ̀nà rẹ̀, ó lé díẹ̀ ní 300 yáàdì. Ọmọ wa fara balẹ̀, ó yìnbọn. Ọta ba ẹran. Ẹran ta gìrì, ó sáré wọ inú igbó.

Wọ́n tan iná tọ́ọ̀ṣì, wọ́n tọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ kán síhìn-ín, ó kán sọ́hùn-ún, títí tí kò fi kán mọ́. Wọ́n wá a dé ọ̀gànjọ́, wọn kò rí i. Ẹran tó gbọgbẹ́ lọ kú síbi tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀, ó jìyà, ẹnu ọdẹ ò sì kan ẹran. Ẹni tó ni ilẹ̀ náà wo ọmọ wa láti òkè dé ilẹ̀, ó ní, “Ọ̀dọ́mọkùnrin, tí o ò bá mọ ìbọn yìn, má wá sórí ilẹ̀ mi mọ́.”

Háà! Ọ̀rọ̀ yẹn dun ọmọ wa ju kí wọ́n gbá a létí lọ.

“YÁÀDÌ TA NI?”

Nígbà tó di ọjọ́ Àìkú, ó tẹ ìyá rẹ̀ láago nílé. Ìyá yìí ń ta aṣọ ní Gbági, n'Íbàdàn, láti ìgbà tí ọmọ náà ti wà ní ìkókó.

“Màámi, ẹ káàárọ̀ o. Ṣé àlàáfíà lẹ wà?”

“Àlàáfíà ni, ọmọ mi. Kí ló dé tí ohùn rẹ rẹlẹ̀ báyìí? Ṣé kò sí o?”

Ọmọ ròyìn gbogbo rẹ̀. Ó ní òun ti pinnu láti ra ọta mìíràn tó wọ́n ju tàtẹ̀yìnwá lọ, tí wọ́n kọ 3,000 sí lára páálí rẹ̀.

Ìyá dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, “Ọmọ mi, èmi ò mọ̀ nípa ìbọn o. Bàbá bàbá rẹ ló ṣọdẹ, èmi kọ́. Ṣùgbọ́n nǹkan kan ni màá bi ọ́. Nọ́ńbà tí wọ́n kọ síbẹ̀ yẹn, ta ló wọ̀n ọ́n?”

“Ilé iṣẹ́ tó ṣe é ni, Màámi.”

“Ó dáa. Yáàdì ta ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n? Ṣé ìbọn tìẹ ni, àbí ìbọn tiwọn?”

Ọmọ kò lè dáhùn.

“Ṣé o rántí àwọn tó ń ra aṣọ lọ́wọ́ mi? Èyí tó gbọ́n nínú wọn kì í ka ìwé ara aṣọ. Yáàdì tirẹ̀ ló ń mú jáde láti inú báàgì. Kì í ṣe pé ó pè mí ní olè. Ó kàn fẹ́ mọ iye tó máa jẹ́ lórí tábìlì télọ̀ tirẹ̀ ni. Lọ wọn ìbọn rẹ kó o tó tún ná kọ́bọ̀.”

OHUN TÍ WỌ́N FI WỌ̀N ỌTA

Ìbéèrè ìyá aláṣọ yìí gan-an ni kọ́kọ́rọ́ ọ̀rọ̀ náà. Ẹ jẹ́ kí ó yé gbogbo wa dáadáa.

Ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ SAAMI. Ọdún 1926 ni wọ́n dá a sílẹ̀, ìjọba àpapọ̀ ló sì ní kí àwọn ilé iṣẹ́ ìbọn àti ọta dá a sílẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti fi òṣùwọ̀n kan náà lélẹ̀, kí ọta tí ilé iṣẹ́ kan ṣe má baà bú mọ́ ẹni tó fi í sínú ìbọn ilé iṣẹ́ mìíràn lójú. Iṣẹ́ gidi ni wọ́n ń ṣe.

Àmọ́ ẹ wo ohun tí wọ́n fi ń wọn eré ọta ráífù. Kì í ṣe ìbọn tí ọdẹ ń gbé kọ́ èjìká. Ọ̀pá ìbọn tó nípọn ni, tí wọ́n dì mọ́ orí tábìlì irin nínú yàrá ìdánwò. Gígùn rẹ̀ jẹ́ íǹṣì 24. Ihò rẹ̀ fún mọ́ ọta, kò fẹ̀ lọ́nà tí agbára fi lè ṣòfò. Ọta fúnra rẹ̀ kò tutù jù, kò sì gbóná jù.

Nínú ọ̀pá íǹṣì 24 yẹn ni 2,820 ti jáde o. Ọmọ wa ń fi íǹṣì 16 yìnbọn, ó sì ń retí eré ìbọn íǹṣì 24.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí tí gígùn fi ṣe pàtàkì, kó wo alábàárù tó ń ti ọmọlanke. Bó bá tì í dé ìwọ̀nba ọ̀nà díẹ̀ tó jọ̀wọ́ rẹ̀, ọmọlanke á yí lọ díẹ̀. Bó bá tì í jìnnà, tí kò ṣíwọ́ títì, eré rẹ̀ á máa pọ̀ sí i. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọta. Ẹ̀tù ìbọn á gbiná, á di afẹ́fẹ́ gbígbóná tó ń ti ọta níwájú. Ìgbà tí ọta bá wà nínú ọ̀pá nìkan ni afẹ́fẹ́ yẹn lè tì í bó ti yẹ. Bí ọ̀pá bá kúrú, ọta á ti bọ́ síta nígbà tí agbára ṣì kù lẹ́yìn rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ìbọn kúkúrú fi ń pariwo ju ìbọn gígùn lọ, tí iná sì ń bù yàà lẹ́nu rẹ̀ lálẹ́. Agbára tó yẹ kó ti ọta ló ń di ariwo àti iná.

Èló ni íǹṣì kan ń mú lọ? Ọta ò dọ́gba. Nínú ọ̀pọ̀ ìbọn ráífù, ó máa ń wà láàárín ẹsẹ̀ bàtà 20 sí 50 fún íǹṣì kọ̀ọ̀kan. Fún irú .308 yìí, bó bá jẹ́ 25, íǹṣì 8 tó dín á mú 200 lọ. Òṣùwọ̀n SAAMI fúnra rẹ̀ tún gbà pé ìpín ọta kan lè fi 90 dín tàbí 90 lé ju iye tí wọ́n kọ sílẹ̀ fún un, kò sì di ẹ̀ṣẹ̀ sí ẹnikẹ́ni lọ́rùn. Ooru àti òtútù náà ń kó tiwọn: ọta tó tutù kì í sá tó èyí tí oòrùn ti pa. Ìbọn méjì tí wọ́n ṣe lọ́jọ́ kan náà gan-an, bí Táyé àti Kẹ́hìndé, lè fi 50 ju ara wọn lọ.

Nítorí náà, ilé iṣẹ́ kò purọ́. Òṣùwọ̀n tiwọn ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ń kọ “íǹṣì 24” sínú ìwé wọn. Ṣùgbọ́n 2,820 ni wọ́n fi lẹ́tà gàdàgbà kọ, 24 sì wà nísàlẹ̀ ibẹ̀ bí èèrà. Ẹ̀yin tó mọ ọjà, ẹ mọ ìtumọ̀ ìyẹn.

Ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀ rí, ó sì hàn sí gbogbo ayé. Ní ọdún 1935, wọ́n gbé ọta ìbọn ìléwọ́ kan jáde tí wọ́n ń pè ní .357 Magnum. Wọ́n polówó rẹ̀ pé eré rẹ̀ tó 1,515. Ọ̀pá íǹṣì 8 àti ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Mélòó nínú àwọn tó rà á ló ń gbé ìbọn gígùn bẹ́ẹ̀ mọ́ ìbàdí? Íǹṣì 4 tàbí 6 ni ọ̀pọ̀ wọn ń lò. Nígbà tó yá, wọ́n yí òṣùwọ̀n padà sí íǹṣì 4 tó ní àlàfo díẹ̀ bíi ti ìbọn gidi. Lóde òní, 1,235 ni wọ́n ń kọ fún ọta .357 tí orí rẹ̀ wọn géréènì 158. Òótọ́ ni pé kíkì ọta náà ti yàtọ̀ díẹ̀ láti ọjọ́ yẹn, ṣùgbọ́n apá tó pọ̀ nínú ìyàtọ̀ náà, ọ̀pá ló fà á.

Ẹ̀RỌ TÍ Ń KA ERÉ

Ọmọ wa gbọ́ ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀. Ó lọ sí pápá tí wọ́n ti ń dán ìbọn wò, ó yá ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń pè ní chronograph.

Ẹ̀rọ yìí kì í ṣe àrà tuntun. Ní ọdún 1742, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Benjamin Robins, tẹ ìwé kan jáde tó ti ṣàlàyé bó ṣe so pátákó tó wúwo rọ̀, tó yìnbọn lù ú, tó sì fi bí pátákó náà ṣe fì sẹ́yìn ṣírò eré ọta. Láàárín ọdún 1860 sí 1870, ọ̀gágun ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù kan, Le Boulengé, ṣe ẹ̀rọ tó ń lo iná mànàmáná. Ilé iṣẹ́ àti àwọn ológun nìkan ló ní irú rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ọdẹ lásán kò ní ohun tó lè fi yẹ ọ̀rọ̀ ilé iṣẹ́ wò, ohun tí wọ́n bá kọ ló ń gbà gbọ́.

Nígbà tó fi máa di ọdún 1980 sí 1990, ẹ̀rọ náà ti kéré, owó rẹ̀ sì ti wálẹ̀. Ojú méjì ló ní, tó jìnnà síra. Bí òjìji ọta bá kọjá lójú kìíní, aago á bẹ̀rẹ̀. Bó bá kọjá lójú kejì, aago á dúró. Bí ojú méjèèjì bá fi ẹsẹ̀ bàtà 3 jìnnà síra, ọta tó ń sá 3,000 á kọjá láàárín wọn nínú ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá kan. Lónìí, rédà kékeré tó lè wọ àpò ṣòkòtò ti ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Àtìgbà yẹn ni àwọn ọdẹ ti ń kan nọ́ńbà ara páálí lábùkù.

Ọmọ wa yin ọta 10. Èyí tó lọ́ra jù sá 2,571. Èyí tó yára jù sá 2,629. Nígbà tó kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ tó pín in, 2,602 ló rí.

Dípò 2,820, 2,600 ló ń rà. Nǹkan bí 220 ti sá lọ.

220 YẸN KÌ Í ṢE KÉKERÉ

Ẹlòmíràn á ní, “Kí ni 220 nínú 2,820? Ẹ fojú fò ó jàre.” Ẹ dúró ná.

Eré dín ní nǹkan bí 8 nínú 100. Ṣùgbọ́n agbára tí ọta fi ń lu nǹkan kì í dín bí eré ṣe dín. Iye eré lọ́nà iye eré ni wọ́n fi ń ṣírò rẹ̀. Nígbà tí eré fi 8 dín, agbára fi nǹkan bí 15 dín. Ẹ ò rí i pé bí ẹnu ẹni méjì ni: eré ń sọ ọ̀kan, agbára ń sọ méjì.

Èkejì, ẹ wo ìrìn ọta. Ọta tó bẹ̀rẹ̀ ní 2,820, bó bá rìn 100 yáàdì, eré rẹ̀ á ti di nǹkan bí 2,600. Nọ́ńbà yẹn ni ìbọn ọmọ wa fi ń bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé gbogbo ẹran tó bá dúró níwájú ọmọ wa, bí ẹni pé wọ́n tún ti í sẹ́yìn 100 yáàdì ni. Àgbọ̀nrín tó wà ní 300 yáàdì, tí ìwé ilé iṣẹ́ ní ọta máa bá ní 2,190, nǹkan bí 2,000 péré ni ọta ọmọ wa fi bá a. Nígbà tí ọ̀nà sì lé ní 300, ọta ti rẹlẹ̀ sí ibi tí àwọn tó ṣe é ní kó má dé. Kò là. Ó gba inú ẹran kọjá bí abẹ́rẹ́.

Ẹ̀kẹta, ọta tó lọ́ra ń pẹ́ lójú ọ̀nà, èyí tó bá sì pẹ́ lójú ọ̀nà, ilẹ̀ á fà á púpọ̀ sí i. Bí ọmọ wa bá to ìbọn rẹ̀ kó ba ojú àmì ní 100 yáàdì, tó wá fi ìwé ilé iṣẹ́ ṣírò ti 300, ọta rẹ̀ á balẹ̀ nísàlẹ̀ ibi tó fojú sí, tó nǹkan bí íǹṣì 3. Lára àgbọ̀nrín, íǹṣì 3 lè jẹ́ ìyàtọ̀ láàárín ọkàn àti ẹsẹ̀.

Àmọ́ ká má parọ́ mọ́ páálí o. Bí ẹran náà bá wà ní 60 yáàdì, gbogbo àròyé yìí kò já mọ́ nǹkan kan. Ọta ṣì ní agbára tó pọ̀ tó nígbà yẹn, ìwálẹ̀ rẹ̀ kò sì tíì tó nǹkan. Ibi tó bá jìnnà ni irọ́ ti ń dóríi rẹ̀. Bó ti rí láyé náà nìyẹn: owó tí kò pé kì í hàn lọ́jọ́ àkọ́kọ́ oṣù.

OHUN TÓ BURÚ JÙ

Ẹni tó bá rí i pé ìbọn òun kò sá tó ohun tí wọ́n kọ, ohun kan wà tí kò gbọdọ̀ ṣe. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ ọdẹ máa ń ki ọta fúnra wọn nínú ilé. Òmíràn á rí 2,600 lójú ẹ̀rọ, inú á bí i, á ní òun máa fi ẹ̀tù kún un títí òun á fi rí 2,820 tí wọ́n ṣèlérí. Ó ń fi ọ̀pá íǹṣì 16 lé eré íǹṣì 24.

Ọ̀nà ikú nìyẹn. Ìwọ̀n tí SAAMI fi lélẹ̀ pé ìtìpá ẹ̀tù inú .308 kò gbọdọ̀ kọjá ni páùn 62,000 lórí íǹṣì onígun mẹ́rin kan. Ọta tó wà nínú páálí ti sún mọ́ ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá tún fi ẹ̀tù kún un ń bẹ irin pé kó bú. Bí irin bá sì bú, ojú àti ọwọ́ ni wọ́n wà lẹ́bàá rẹ̀.

Àwọn ọdẹ tiwa nílé mọ̀ ọ́n. Ìbọn ṣakabùlà kò ní páálí, kò sì ní nọ́ńbà. Ọdẹ ló ń wọn ẹ̀tù fúnra rẹ̀, òun ló ń gún un mọ́lẹ̀, ó sì mọ ibi tí ìbọn tirẹ̀ ń gbé ọta dé, nítorí inú igbó ló ti kọ́ ọ, kì í ṣe nínú ìwé. Àgbà ọdẹ kì í yin ẹran tó bá ti kọjá ibi tí ọwọ́ rẹ̀ mọ̀. Èyí tó bá sì fi ojúkòkòrò rọ ẹ̀tù ju bó ti yẹ lọ, ìbọn rẹ̀ lè yìn sẹ́yìn. Ṣakabùlà àti ráífù, òfin kan náà ló de àwọn méjèèjì.

BÍ ỌMỌ WA ṢE PARÍ RẸ̀

Ọmọ wa kò ra ọta 3,000 mọ́. Ó ti yé e pé nọ́ńbà yẹn náà, inú ọ̀pá íǹṣì 24 ló ti jáde, ìbọn kúkúrú rẹ̀ á sì tún bù nínú rẹ̀. Ó mú bébà, ó kọ 2,600 sí i, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìdí ìbọn. Ó ṣírò ìrìn ọta náà láti orí 2,600. Ó rí i pé ní 200 yáàdì, ọta rẹ̀ ṣì ń sá nǹkan bí 2,190, ó sì ní àyè dáadáa. Ó yìn ín ní 200 lójú àmì títí tí ojú rẹ̀ fi dá a mọ̀. Ó fi ìlà sílẹ̀ fún ara rẹ̀: ẹran tó bá ti kọjá 200, kó máa lọ láyọ̀, Ọlọ́run ló ni í.

Ó padà lọ bá ẹni tó ni ilẹ̀. Ó gbé bébà náà síwájú rẹ̀, ó ní, “Ẹ má bínú, sà. Mo fi òṣùwọ̀n tí kì í ṣe tèmi yìnbọn lọ́jọ́sí. Èyí ni tèmi.” Bàbá náà wo bébà, ó wo ọmọ, ó ní, “Mo ti ń ṣọdẹ láti ọgbọ̀n ọdún, mi ò wọn tèmi rí. Gbé ẹ̀rọ yẹn wá lọ́jọ́ Sátidé.”

Nígbà tó ròyìn rẹ̀ fún ìyá rẹ̀ lórí fóònù, ẹ̀rín ni ìyá ń rín. Ó ní, “Ọmọ mi, ṣé o rí i? Ayé ò ju ọjà lọ. Ẹni tó kọ nọ́ńbà kò purọ́, ẹni tó kà á ló gbàgbé láti béèrè.”

Ẹ̀yin èèyàn wa, ọ̀rọ̀ náà nìyẹn. Ìbọn kì í ṣe ti gbogbo wa, òfin kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni ní in láìgba ìwé àṣẹ. Ṣùgbọ́n páálí ń bẹ nílé oníkálukú. Jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n kọ agbára rẹ̀ sí lára, ọ̀dà tí wọ́n ní gálọ́ọ̀nù kan á kun yàrá méjì, ọkọ̀ tí wọ́n ní lítà kan á gbé dé ibi báyìí báyìí, yàrá ìdánwò ẹlòmíràn ni wọ́n ti wọn gbogbo wọn. Kí ẹ tó náwó, kí ẹ sì tó bínú, ẹ béèrè nǹkan mẹ́ta: ta ló wọ̀n ọ́n? Kí ló fi wọ̀n ọ́n? Ṣé bí tèmi náà ṣe rí nìyẹn?

Ẹni tí nọ́ńbà ara páálí ti tàn jẹ rí, yálà ní ìsọ̀ ni o, tàbí ní ṣọ́ọ̀bù, kó kọ lẹ́tà ránṣẹ́, kó sì sọ bó ṣe wọn tirẹ̀ tí àṣírí fi tú. Ojú ewé lẹ́tà ń dúró dè é. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o.